Ìwé ni àbí iṣẹ́ ọwọ́? Bí ẹ ṣe lè yan ẹ̀kọ́ fún èèyàn yín tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n

Lẹ́yìn tí ẹkún àkọ́kọ́ bá ti rọlẹ̀, tí ẹbí ti mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba àlejò àti irú oúnjẹ tí wọ́dà kò ní dá padà lẹ́nu géètì, ìbéèrè tó kàn ni pé: kí ni èèyàn wa yóò máa ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Òfin ọdún 2019, tó sọ Nigerian Prisons Service di Nigerian Correctional Service, fi ẹ̀kọ́ ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ sára ohun tí àjọ náà gbọ́dọ̀ pèsè fún àwọn tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Lórí ìwé, gbogbo rẹ̀ wà fún gbogbo èèyàn. Tí ẹ bá wọnú ọgbà, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ohun tí ẹ bá ní Kirikiri lè má sí ní Iléṣà, kíláàsì tó sì ń lọ déédéé lọ́dún tó kọjá lè ti kú nítorí pé wọ́n ti gbé ọ̀gá tó ń bójú tó o lọ síbòmíràn.

Ẹbí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù níhìn-ín, torí ẹbí ló ń ra ìwé, tó ń wá owó ìdánwò, tó sì ń bẹ ọ̀gá kiri. Orúkọ ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń yàn án. Yunifásítì dùn-ún gbọ́ létí ju bàtà rírán lọ, nítorí náà yunifásítì ni wọ́n á sáré bá. Lójú tèmi, iye ọjọ́ tó kù fún onítọ̀hún nínú ọgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí orúkọ ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò

Ẹjọ́ rẹ̀ dé ibo? Nínú èèyàn mẹ́ta tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà, ó tó méjì tí kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́. ATM (Awaiting Trial Men, àwọn tó ń retí ìdájọ́) ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ọgbà. Ilé iṣẹ́ ọwọ́ kì í sábà yá ara láti gba ATM: irinṣẹ́ mímú wà níbẹ̀, ẹni tó sì lè lọ sí kóòtù lọ́la kó gba béèlì, kó má padà wá mọ́, kò ní parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì ìwé kì í le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ló lè bèèrè ohun gbogbo.

Ọjọ́ mélòó ló kù? Ẹni tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta kì í lo ọdún mẹ́ta pé bí ìwà rẹ̀ bá dára. Ìdá kan nínú mẹ́ta sábà máa ń kúrò, ó di ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ ẹbí kì í ṣe ìṣirò yìí, ni wọ́n fi ń forúkọ ẹni tó ku oṣù mẹ́rìnlá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin. Ẹ lọ bèèrè ọjọ́ ìtúsílẹ̀ gan-an ní ọ́fíìsì tó ń tọ́jú fáìlì àwọn ẹlẹ́wọ̀n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ èyí: bí adájọ́ bá fún un láǹfààní láti san owó ìtanràn dípò ẹ̀wọ̀n, ẹ má wulẹ̀ ka àpilẹ̀kọ yìí dópin. Ẹ lọ san owó ìtanràn.

Ta ló máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà? Èyí tí àjọ ìdánwò tàbí iléeṣẹ́ ìjọba bá fọwọ́ sí máa bá a dé ibikíbi. Èyí tí ẹgbẹ́ aláàánú kan tẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, fọ́tò ọjọ́ náà ni yóò wúlò fún jù.

Kí ni orúkọ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí pé mi ò rí ẹni tó máa ń sọ ọ́ fún ẹbí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ọlọ́pàá bá kó ló máa ń sọ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn ní tẹ́ṣàn, kí ìtìjú má bàa dé ilé bàbá wọn. Orúkọ yẹn ni kóòtù á kọ sórí wáráǹtì, òun náà ni wọ́n á máa pè é nínú ọgbà. Ó wá di ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò, olùkọ́ á da orúkọ kọ láti inú ìwé ọgbà. Ọmọ yege, ẹ ń jó, ìwé ẹ̀rí dé, ó jẹ́ ti Sunday Ojo, bẹ́ẹ̀ Káyọ̀dé Adéṣínà ló wà lórí NIN rẹ̀ àti lórí ìwé mẹ́fà tó gbà ní pámárì. Àtúnṣe orúkọ lọ́dọ̀ àjọ ìdánwò lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ fojú rí. Kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ohunkóhun, ẹ sọ òtítọ́ fún ọ̀gá ẹ̀ka ìgbáyégbádùn, ẹ ní kí lọ́yà bá yín búra ní kóòtù lórí orúkọ méjèèjì, kí ẹ sì mú nọ́ńbà NIN rẹ̀ lọ́wọ́. Bí kò bá ní NIN, ẹ bèèrè bóyá àwọn NIMC máa ń wọ ọgbà náà.

Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà

Ẹni tí kò lè ka lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí i, ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún tàbí àgbàlagbà. Àdéhùn àgbáyé lórí bó ṣe yẹ ká ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n, èyí tí wọ́n fi orúkọ Mandela pè láti 2015, sọ pé dandan ni ẹ̀kọ́ fún ẹni tí kò mọ̀wé àti fún ọ̀dọ́. Owó kékeré ló ń ná yín: ìwé àdàkọ, bírò, ìwé ABD. Ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ wọn tó mọ̀wé ló sábà máa ń kọ́ wọn, ẹ má sì fojú kéré irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti ṣe tíṣà níta rí, wọn kò sì ní ibi tí wọ́n ń kánjú lọ. ATM lè ṣe é. Wọ́n lè gbé e kúrò lọ sí ọgbà mìíràn láàárín ẹ̀kọ́, ohun tó ti mọ̀ á bá a lọ.

WAEC, NECO àti NABTEB

Àwọn ọgbà ńlá máa ń ní kíláàsì ìpele sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ibi tí ẹlẹ́wọ̀n ti lè ṣe ìdánwò láì jáde. Ìwé ẹ̀rí kan náà ni pẹ̀lú èyí tí ọmọ ilé-ìwé níta ń gbà. NABTEB, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Benin City láti 1992, ni kí ẹ bèèrè bí onítọ̀hún bá ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́, irú wáyà iná, káfíńtà tàbí ọkọ̀ títúnṣe, torí pé iṣẹ́ náà gan-an wà nínú ohun tí wọ́n ń dán an wò lé lórí.

Owó ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá ₦20,000 fún ẹnì kan, ó sì ń yí padà lọ́dọọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ mùsùlùmí, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń ran ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ máa ń san án fún àwọn kan, ṣùgbọ́n orúkọ tó wọ inú àkọsílẹ̀ olùkọ́ ní kùtùkùtù ni wọ́n ń san fún. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ń dààmú ènìyàn ni ọjọ́ kóòtù. Bí ATM bá ní ìgbẹ́jọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ìṣirò bọ́ sí, kóòtù ló máa lọ. Lọ́yà lè bá a bẹ adájọ́ fún ọjọ́ mìíràn bó bá gba tímùtébù ìdánwò lọ́wọ́ yín ní àkókò. Ọ̀pọ̀ lọ́yà kò tiẹ̀ mọ̀ pé oníbàárà wọn ń ṣe ìdánwò. Bó bá sì gba òmìnira kí ìdánwò tó dé, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ ibùdó tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sí. Inú ọgbà ni ibùdó náà, ó sì ṣòro fún ẹni tó ti jáde láti tún wọlé lọ jókòó síbẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan tí mo máa ń fún àwọn ìyá: ẹ má ra gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀kan. Yàrá tí èèyàn ogójì ń sùn sí kò ní ibi tí ìwé mẹ́sàn-án máa wà. Ìbéèrè àtijọ́ lórí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, pẹ̀lú ìwé àdàkọ tó nípọn, lẹ ó kọ́kọ́ mú lọ.

NOUN

National Open University of Nigeria ni NOUN, yunifásítì tí èèyàn ti ń kàwé láti ibi tó bá wà. Ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ó sì jí padà ní 2002. Torí pé kò pọn dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jókòó sí kíláàsì, òun ló bá ẹlẹ́wọ̀n mu jù nínú gbogbo yunifásítì wa. Ó ní ibùdó ẹ̀kọ́ nínú àwọn ọgbà bíi Kirikiri, Kuje àti Enugu. Kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Kò bèèrè JAMB. Kírẹ́díìtì márùn-ún ní ìjókòó kan tàbí méjì ló ń fẹ́. Olóyè Ọbásanjọ́, tó ṣe ẹ̀wọ̀n lábẹ́ Abacha láti 1995 sí 1998, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítẹ́nì níbẹ̀ ní 2018, nígbà tó ti ṣe ààrẹ tán. Nítorí náà, ẹni bá ń sọ fún yín pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríbi lọ ni NOUN, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ọ̀fẹ́ náà ní ìnáwó tirẹ̀ o. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé kọ́ọ̀sì wà, fóònù sì jẹ́ èèwọ̀ nínú yàrá ẹlẹ́wọ̀n. Bí ibùdó inú ọgbà kò bá ní ẹ̀dà tí wọ́n ti tẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wà á jáde, tí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, tí ẹ máa gbé e lọ. Kọ́ọ̀sì kan lè ju ojú ewé 150 lọ, kọ́ọ̀sì bíi mélòó kan ló sì wà nínú sáà kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú méjèèjì, ẹ pín in sí ìwé tín-ín-rín tín-ín-rín, kí ẹ má sì fi wáyà dì í: àwọn tó ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu géètì lè ní kí ẹ tú wáyà náà kúrò, ìwé á sì fọ́n ká lójú yín. Òwú tàbí gọ́ọ̀mù ló dára. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá, tí wọ́n ń pè ní TMA, ló ní máàkì 30 nínú 100, orí kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ti ń ṣe é; ìdánwò ọdún ìbẹ̀rẹ̀ náà sábà máa ń jẹ́ ti kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọ̀gá ibùdó ju “Ṣé ẹ ní NOUN?” lọ. Kọ̀ǹpútà mélòó ló ń ṣiṣẹ́? Nígbà tí iná ọba bá lọ ńkọ́? Ta ni í máa ń fi TMA ránṣẹ́, ìgbà wo ló sì ń ṣe é? Ọgbà tó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí láì jágbe mọ́ yín, ẹ lè fọkàn tán an díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó nílò yàrá àyẹ̀wò kì í bá ọgbà mu. Ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò, ìmọ̀ àlàáfíà àti ìpẹ̀tù-síjà, ìmọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, wọ̀nyẹn ṣeé fi ìwé nìkan kọ́.

Àwọn kan máa ń bèèrè bóyá yunifásítì máa gé ẹ̀wọ̀n kúrú. Ní Bùràsílì, òfin sọ pé wákàtí méjìlá ẹ̀kọ́ yóò yọ ọjọ́ kan kúrò. Tiwa kò ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí ni pé nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣàánú fún jáde ní oṣù kẹwàá 2025, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn kan pé wọ́n ti wọ NOUN tàbí pé wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ariwo sọ lórí orúkọ mìíràn nínú ìwé náà, wọ́n sì tún un yẹ̀ wò. Ẹ ka ẹ̀kọ́ sí ohun tó lè gbè é lẹ́sẹ̀ bí àánú bá fẹ́ dé, kí ẹ má ka ọjọ́ lé e lórí.

Iṣẹ́ ọwọ́

Aṣọ rírán, bàtà, iṣẹ́ káfíńtà, wẹ́dà, gígẹrun, ọṣẹ ṣíṣe, búrẹ́dì. Lọ́gbà àwọn obìnrin, irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀ náà kún un. Ọgbà yàtọ̀ sí ọgbà gidigidi lórí èyí. Níbì kan, ẹ máa bá ilé iṣẹ́ tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù. Níbòmíràn, maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì péré ló ń ṣiṣẹ́, àwọn mẹ́wàá sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí kò jókòó sídìí maṣíìnì, ìran ló ń wò. Ẹ bèèrè iye wákàtí tí ọwọ́ rẹ̀ máa kan irinṣẹ́ lọ́sẹ̀.

Ẹni tí kò tíì rí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, kó mọ̀ pé kò dà bí ṣọ́ọ̀bù níta. Òǹkà ni wọ́n fi ń fún wọn ní irinṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó jáde, wọ́n á tún ka àlùmọ́gàjí, abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àlùmọ́gàjí kan bá dín, gbogbo wọn á dúró. Ọjọ́ tí ọgbà bá gbóná, tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ tàbí tí wọ́n bá ń tú yàrá wò, ilé iṣẹ́ kò ní ṣí rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn tí wọ́n bá sọ fún yín pé oṣù mẹ́fà ni èèyàn fi ń mọ aṣọ rán níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà inú ọgbà kò tó oṣù mẹ́fà ìta.

Níta, ọmọ iṣẹ́ máa ń ṣe fíríìdọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ á fún un ní ìwé ẹ̀rí níwájú ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́gbà kò ní ọ̀gá tó máa ṣe é fún un, ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò sì máa bi í léèrè. Ohun tó lè dí àlàfo yẹn ni ìdánwò oníṣẹ́ ọwọ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí trade test. Ìpele mẹ́ta ló ní. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gba ìpele kẹta, á wá máa gòkè lọ sí ìkíní. Iléeṣẹ́ ìjọba àti kọ́ńpìnnì mọ̀ ọ́n. Bí ilé iṣẹ́ ọgbà kan bá ń kọ́ èèyàn láì mú wọn dé ìdánwò yìí, mo gbà kí onítọ̀hún kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé bó bá jáde, ó máa lo oṣù díẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan kí ọwọ́ rẹ̀ tó yanjú, kí ó sì tó ní ẹgbẹ́.

Ìwádìí tí iléeṣẹ́ RAND ṣe àkójọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2013 rí i pé àwọn tó kọ́ṣẹ́ lẹ́wọ̀n fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún sún mọ́ iṣẹ́ rírí ju àwọn tí kò kọ́ nǹkan kan. Ti àwọn tó kàwé jẹ́ 8. Amẹ́ríkà nìyẹn, àwọn olùwádìí náà sì sọ pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò lágbára tó láti fi búra. Síbẹ̀, ó bá ohun tí ojú ń rí ládùúgbò mu.

Ìnáwó rẹ̀ wà lẹ́yìn ìtúsílẹ̀. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó bá jáde máa ń fún àwọn kan ní maṣíìnì ìránṣọ tàbí ẹ̀rọ ìgẹrun, kì í sì í kárí. Owó tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìdúpẹ́, tí ẹ fẹ́ fi ra aṣọ àǹkóò, ẹ fi ra maṣíìnì.

Àwọn tó kù

Oko ọgbà wà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́, ni wọ́n sábà ń kó lọ. Ó dára fún ẹni tó ní ilẹ̀ bàbá tó máa padà sí. Fún ọmọ Mushin tí kò ní ibi tó máa gbin ẹ̀gẹ́ sí, atẹ́gùn lásán ló máa rí gbà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn náà kì í ṣe nǹkan kékeré.

Borstal, ọgbà ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ sófin, yàtọ̀. Kóòtù ló ń rán ọmọ ọdún 16 sí 21 lọ síbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́ta. Mẹ́ta ló wà ní Nàìjíríà: Kaduna, Adigbẹ ní Abẹ́òkúta, àti Gáńmọ̀ lẹ́bàá Ìlọrin. Ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe pọ̀. Bí ọmọ yín bá wà láàárín ọjọ́ orí yẹn, tí ẹjọ́ kò tíì parí, ẹ ní kí lọ́yà bá adájọ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sáàárín àwọn àgbà.

Ti kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ méjì tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń gbé wá, ọṣẹ olómi, ìlẹ̀kẹ̀, òórùn dídùn: kó ṣe é, ó ń lé ìrònú lọ. Ẹ má pè é ní iṣẹ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo

ATM tí béèlì rẹ̀ lè jáde nígbàkúùgbà: mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tàbí kíláàsì WAEC, kí ẹ má sì san owó ìdánwò títí lọ́yà yóò fi sọ ibi tí ẹjọ́ dé. ATM tó ti pẹ́ lórí ẹjọ́ ńlá, tí ìwé ìmọ̀ràn lórí ẹjọ́ náà kò tíì ti ọ́fíìsì DPP (ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn) jáde, kó forúkọ sílẹ̀ fún NECO tàbí WAEC láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ọdún ń lọ.

Ẹni tí oṣù rẹ̀ kò pé méjìlá: iṣẹ́ ọwọ́ tó ti mọ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó máa lé trade test. Kì í ṣe àkókò láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun.

Ẹni tó ní ọdún márùn-ún lọ sókè, tó sì ti ní kírẹ́díìtì márùn-ún, ni NOUN ń wá. Ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ gbére tàbí ikú fún náà wà níbẹ̀. Òfin 2019 gbà pé kí adájọ́ àgbà sọ ẹjọ́ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére bí onítọ̀hún bá ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí gbogbo ìpẹ̀jọ́ rẹ̀ ti parí, nítorí náà ọjọ́ rẹ̀ lè gùn ju bí ẹbí ti rò lọ. Bí ọgbà rẹ̀ kò bá ní ibùdó, ẹbí lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ sí èyí tó ní. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ ronú sí owó ọkọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa fi lọ wò ó níbẹ̀.

Ẹni tí ọdún rẹ̀ wà láàárín méjì sí mẹ́rin ló ṣòro jù. Bí ọgbà bá gbà á láyè, kó lọ kíláàsì láàárọ̀, kó lọ sílé iṣẹ́ lọ́sàn-án. Bí àkókò méjèèjì bá forí gbárí, iṣẹ́ ọwọ́ ni mo máa ní kó mú. Ó lè fi WAEC àti NECO ti òde sílẹ̀ di ìgbà tó bá jáde, kó máa fi owó aṣọ tó bá rán san án. Ọ̀gá tó máa kọ́ ọ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì tún máa bọ́ ọ títí iṣẹ́ fi máa mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ni kò ní rí níta mọ́.